Pàkúté Kì Í Parí Lágbẹ̀dẹ

Bí ènìyàn bá sọ ní Ṣakí pé òun kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ọkọ́, àdá àti ìbọn ọdẹ ni ọkàn àwọn ará ìlú máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Iṣẹ́ irin ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ pọ̀ jọjọ. Èmi náà lè rọ ọkọ́, mo lè pọ́n àdá, ṣùgbọ́n pàkúté eku ni wọ́n fi mọ̀ mí láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń joyè. Síbẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ ọ́n, ènìyàn méjì ló sì kọ́ mi: ọ̀gá mi tó kọ́ mi ní irin, àti ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀gá, tó kọ́ mi ní eku.

Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn, agbègbè wa, á mọ ìdí tí pàkúté fi ń tà níbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà. Bí òjò bá ti káṣẹ̀ nílẹ̀, irè á máa wọlé. Wọ́n á máa sá iṣu èlùbọ́ sórí àpáta, wọ́n á máa di ẹ̀gúsí sápò. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀yẹ́ ń gbẹ koríko, tí iná ń jó ọ̀dàn káàkiri. Eku tí iná lé, tí kò rí hóró kan he mọ́ nínú eérú, kí ló tún ń dúró ṣe lóko? Ilé ló ń bọ̀. Láti oṣù Kejìlá títí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀, ọwọ́ wa kì í dilẹ̀ lágbẹ̀dẹ.

Ìdí ẹwìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọ̀gá mi ti ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí fẹ́ná nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹwìrì aláwọ ni òun ṣì ń lò. Ọ̀pá méjì ló ní, ọwọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí tọ̀tún bá ń lọ sílẹ̀, tòsì gbọ́dọ̀ máa bọ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ má baà já. Tèmi ń já. Iná á rú, á tún wálẹ̀. Irin á pọ́n lápá kan, á dúdú lápá kejì. Ọ̀gá kì í pariwo. Á fi ẹ̀mú yọ irin náà kúrò nínú iná, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́, kì í ṣe òun." Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ki irin mìíràn bọ iná. Èmi náà á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, etí mi ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ apá mi: ẹwìrì tó bá ń lọ déédéé kì í dákẹ́ rárá, bí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà báyìí, mo ti mọ ọwọ́ tó pẹ́.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó fọwọ́ kan ọmọ owú. Pàkúté tí à ń rọ, irin oríṣiríṣi ló pàdé nínú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Orí ìdí yìí ni ètè méjì dúró lé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a tẹ̀ ní kọ́rọ́kọ́rọ́, tí ẹsẹ̀ wọn wọ inú ihò kí wọ́n lè máa ṣí, kí wọ́n sì lè máa pa dé. Síríǹgì ni irin pẹlẹbẹ tí a ká po sí méjì, tí a lu ihò sí orí rẹ̀ méjèèjì. Inú ihò wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ ètè ń gbà kọjá. Tẹ síríǹgì mọ́lẹ̀, ètè á ṣí. Jọ̀wọ́ rẹ̀, á ti ètè sókè, wọ́n á pa dé gbàgà. Láàrin ètè ni ahọ́n wà, páànù kékeré tí oúnjẹ ń jókòó lé, ìkọ́ tín-ín-rín ló sì so ètè kan mọ́ ahọ́n. Eku fẹnu kan oúnjẹ, ahọ́n mì, ìkọ́ yọ. Ìyókù, síríǹgì ló ni ín.

Síríǹgì yìí ló pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Irin abẹ́ ọkọ̀ ńlá, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ti yọ dànù, la fi ń ṣe é. A ó gé e, a ó lù ú títí á fi fẹ́lẹ́, a ó ká a po nígbà tó ṣì pọ́n. Gbogbo èyí, ẹni tó bá lágbára lè ṣe é. Ohun tó ṣòro ni bí a ṣe ń mú un le. Irin tó pọ́n tí a bọ̀ sómi á le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbà kí a tẹ òun: ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti ṣẹ́. Èyí tí a fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ á rọ̀: a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò dìde mọ́. Àárín méjèèjì ni síríǹgì wà. Epo ni ọ̀gá mi máa ń bọ̀ ọ́ sí, kì í ṣe omi. Lẹ́yìn náà, á fi fáìlì ha ara rẹ̀ títí á fi dán, á tún gbé e sétí iná, kò ní jẹ́ kó wọ àárín. Ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára irin yẹn. Ibi tó dán á kọ́kọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á ṣú díẹ̀díẹ̀, títí àwọ̀ rẹ̀ á fi rí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láró. Ibẹ̀ ló ti ń fà á kúrò. Bó bá fi lè pẹ́ sí i, àwọ̀ aró yẹn á ṣí, irin náà á ti rọ̀ jù.

Kò sí aago, kò sí ohun tí a fi ń wọn ooru. Oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí ojú rí àwọ̀ náà dáadáa, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe síríǹgì ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn síríǹgì tí mo ṣe lákọ̀ọ́kọ́ kún agbọ̀n kan lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, ọ̀gá kò sì gbà kí n kó wọn dànù. Ó ní kí n máa kọjá lára wọn lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan náà ni ọ̀gá ń lù lára mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwọ̀ aró yẹn láìjẹ́ pé ó sọ fún mi, tí mo fa irin kúrò kí ọ̀gá tó yanu, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àdá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rí i.

Ìkọ́ ló kàn. Òun ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ fi ń hàn, nítorí fáìlì ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe agbára. Ìkọ́ tó bá jinlẹ̀ jù, eku á jẹun tán, á nu ẹnu, á lọ. Èyí tí kò bá jinlẹ̀ tó, ìka ẹni tó ń dẹ ẹ́ ló máa kọ́kọ́ mú. Ìdánwò méjì ni ọ̀gá mi ní. Á dẹ pàkúté sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; bó bá pa dé, ìkọ́ ti fúyẹ́ jù. Á wá mú ẹ̀kùrọ́ kan, á jẹ́ kó já bọ́ sórí ahọ́n. Bí kò bá pa dé, ìkọ́ wúwo jù. Èyí tó bá yege nínú méjèèjì ń lọ sínú agbọ̀n ọjà, èyí tí kò bá yege ń padà sídìí fáìlì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dán tèmi wò, ó jù ú sínú agbọ̀n ọjà. Mo dúró, mo ń retí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí lò ń wò? Irin mìíràn ń bẹ nílẹ̀."

Mo rò pé mo ti mọṣẹ́ nígbà náà. Oníbàárà kan ló dé, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, ó gbé pàkúté wa kalẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní, "Bàbá, ẹ̀bìtì tí kò bá pa eku mọ́, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Ẹ dá owó mi padà." Ọ̀gá dẹ pàkúté náà, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ju ẹ̀kùrọ́ sí i. Gbàgà! Ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Irin yìí kò lárùn, ilé yín ni kò tíì mọ̀." Ó yíjú sí mi: "Tẹ̀lé Ìyá Ọ̀gá lọ. Ohun tó bá ní kí o ṣe ni kí o ṣe." Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ mi ti di méjì, àgbẹ̀dẹ láàárọ̀, ilé àwọn oníbàárà nírọ̀lẹ́.

Ìyá Ọ̀gá kò gbé òòlù rí, ṣùgbọ́n ìdí èlùbọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òun ló sì ń ta pàkúté wa lọ́jà. Bó bá wọ yàrá ìkẹ́rùsí, kì í gbé nǹkan kan kalẹ̀. Ìgbẹ́ eku ló máa ń kọ́kọ́ wá, tòun ti iná tọ́ọ̀ṣì. Ó kọ́ mi pé ti ẹlírí kéré ju hóró ìrẹsì lọ, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó sì máa ń fọ́n ọn káàkiri. Ti èkúté ńlá lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, a sì máa wà pọ̀ lójú kan. Èyí ló ń sọ pàkúté tí a ó lò. Bí a bá dẹ ńlá fún ẹlírí, á dúró láàrin ètè, á jẹun, ahọ́n kò ní mọ̀ pé ẹnìkan wá. Bí a bá dẹ kékeré fún èkúté ńlá, á gbé pàkúté sáré lọ sínú àjà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi wáyà so ìdí pàkúté ńlá mọ́ òpó. Níbi tí òórùn líle bá ti gba imú, á ní asín ni, ká fi í sílẹ̀. Kòkòrò ni asín ń jẹ, èlùbọ́ kọ́. Ó ní, "Ẹni tó ń bá ọ pa aáyán, o fẹ́ pa á?"

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀nà. Eku kì í la àárín ilé kọjá bó bá rí ògiri rìn. Irun imú rẹ̀ ló fi ń kan ògiri nínú òkùnkùn, ọ̀nà kan náà ló sì ń tọ̀ lóru dóru títí ọ̀rá ara rẹ̀ á fi dúdú sára ògiri. Bí a kò bá rí dúdú yìí, Ìyá Ọ̀gá á ní kí n ku eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ eku á ti fi ọ̀nà hàn wá. Ibẹ̀ ni pàkúté ń lọ: a ó gbé e dábùú ọ̀nà, ahọ́n rẹ̀ á kọjú sí ògiri, kí eku tó bá ń ti ọ̀tún bọ̀ àti èyí tó ń ti òsì bọ̀ lè bá oúnjẹ pàdé. Mo ti máa ń gbé e sí àárín yàrá tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe.

Oúnjẹ rẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́. Nínú yàrá tó kún fún èlùbọ́, èlùbọ́ kò lè tan eku. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń wá: ẹja gbígbẹ, ẹ̀kùrọ́ sísun, ẹ̀pà yíyan. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ìwọ̀n orí ìka ti tó, a sì gbọ́dọ̀ fi òwú dì í mọ́ ahọ́n gírígírí kí eku má lè jí i lọ. Kó máa fà á ni à ń fẹ́. Ọwọ́ tó kan kẹrosíìnì kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ náà.

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni sùúrù. Èkúté ńlá máa ń sá fún ohun tuntun. Gbé pàkúté sọ́nà rẹ̀ lónìí, á yí i ká fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, Ìyá Ọ̀gá máa ń ní ká fi oúnjẹ sí pàkúté láìdẹ ẹ́. A ó wá láàárọ̀, oúnjẹ ti tán. A ó fi òmíràn sí i, a kò ní dẹ ẹ́. Ìgbà tí eku bá ti sọ ibẹ̀ di ilé oúnjẹ la tó tẹ síríǹgì. Ti ẹlírí kò rí bẹ́ẹ̀. Òfófó ni, ó fẹ́ fimú kan ohun gbogbo, alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an lè mú un. A kì í sì í dẹ ẹyọ kan. Ẹlírí ń lóyún fún nǹkan bí 20 ọjọ́ péré, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lè bímọ kí wọ́n tó pé oṣù méjì. Ẹni tó ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbísí wọn á kọjá tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kan lè gba márùn-ún, mẹ́fà, gbogbo wọn lálẹ́ kan náà.

Àwa nìkan kọ́ là ń ta pàkúté, Ìyá Ọ̀gá kì í sì í bú ọjà ẹlòmíràn. Òun pẹ̀lú ń ta ti pákó tó ní wáyà, èyí tí ará Amẹ́ríkà kan, William C. Hooker, ọmọ ìpínlẹ̀ Illinois, gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1894. Ó ní ó dára fún ẹlírí, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin òjò ń wú pákó rẹ̀, èkúté ńlá a sì máa jábọ́ nínú rẹ̀. Àgò onírin tó ń mú eku láàyè dára nílé tí ọmọdé ti ń rákò, bí onílé bá lè fara da yíyẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Gọ́ọ̀mù eku kò wúlò ní yàrá èlùbọ́: ìyẹ̀fun á bà lé e, kò ní lè mú nǹkan mọ́, ọmọ adìẹ àti ọmọńlé ló sì máa ń jìyà rẹ̀.

Májèlé ni kò gbà rárá. Eku tó jẹ májèlé kì í yan ibi tí yóò kú sí. Ó lè jẹ́ inú àpò oúnjẹ, adìẹ sì lè ṣa òkú rẹ̀ jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ ń da Sniper, oògùn kòkòrò, sẹ́bàá oúnjẹ. Nígbà tí NAFDAC, àjọ tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, 100 mílílítà, lọ́jà gbangba lọ́dún 2019, Ìyá Ọ̀gá ní ó pẹ́ jù.

Bí eku bá kú, kò gbà kí n fọwọ́ lásán mú un. Ọ̀rá nylon ni mo fi ń wọ ọwọ́, iná là ń fi sun òkú rẹ̀ tàbí ká rì í mọ́lẹ̀ jìn, ọṣẹ la sì fi ń fọ pàkúté àti ọwọ́. Kò mọ orúkọ àìsàn kan tó ń bẹ̀rù. Òórùn àti ìtọ̀ eku ló sọ pé òun kò fẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ nípa ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè lẹ́yìn tí wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ lọ́dún 1969. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e dé inú oúnjẹ ènìyàn, àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló sì máa ń jà jù. Òǹdó, Ẹdó àti Bauchi ló ti máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n eku kì í bèèrè ààlà ìpínlẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń sọ lórí rédíò, pé ká bo oúnjẹ, ká má fọwọ́ kan eku, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Ọ̀gá nínú yàrá èlùbọ́.

Kí a tó kúrò nílé ẹnikẹ́ni, a ó dí ihò. Ihò tí pẹ́ńsù lè wọ̀, ẹlírí lè wọ̀ ọ́. Símẹ́ńtì là ń fi dí i, pẹ̀lú wáyà tí a há sínú rẹ̀ kí eyín má baà lè gbẹ́ ẹ. A ó gbé àpò kúrò nílẹ̀, sórí pákó, a ó sì fa wọn kúrò lára ògiri kí ológbò lè ráyè kọjá lẹ́yìn wọn.

Ọjọ́ tí mo gba òmìnira, wọ́n fi obì, oyin àti iyọ̀ wúre fún mi. Wọ́n ní kí ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti mọ àwọ̀ irin." Ó jókòó. Ìyá Ọ̀gá ní, "Ó ti mọ ọ̀nà eku." Kò sí ìwé ẹ̀rí tí mo fẹ́ ju ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí lọ. Lónìí, ẹ̀rọ oníná ló ń fẹ́ná àgbẹ̀dẹ mi, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ tèmi. Síríǹgì ṣì ń jáde láti ara irin abẹ́ ọkọ̀, ní ìdájí. Ẹ̀kùrọ́ ṣì ń já lu ahọ́n. Ọmọ iṣẹ́ tó bá rọ pàkúté tó yege gbọ́dọ̀ bá a dé ilé ẹni tó rà á, kó ku eérú, kó di oúnjẹ mọ́ ahọ́n, kó padà wá sọ ohun tó rí fún mi. Àwọn kan ń ráhùn pé iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni bàbá àwọn sanwó fún. Mo ní bàbá wọn kò ṣìnà.

Oníbàárà a máa dé nígbà mìíràn, á ní pàkúté wa kò pa nǹkan kan mọ́ láti bí oṣù kan. Èmi á bi í pé ṣé èlùbọ́ rẹ̀ ń dín. Bó bá ní kò dín, màá ní kó fi epo pa síríǹgì rẹ̀, kó gbé e kọ́ di ọ̀yẹ́ tó ń bọ̀: iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn.